Áfíríkà Ni àbí Faransé? Ọ̀rọ̀ Ẹrù Kílò Mẹ́fà Kan

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Bí mo bá sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, á ní kí ni mo rí níbẹ̀. Erékùṣù kan ni, àti báàgì aṣọ tí kò ju kílò mẹ́fà lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti ìgbà náà, bí mo bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́, tí mo dé orí àpótí kékeré tí wọ́n kọ "kọ́ńtínẹ́ǹtì" sí, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ dúró ná.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba ẹrù tó ń lọ sókè òkun ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Iṣẹ́ náà kò le: gbé ẹrù sórí ìwọ̀n, béèrè ibi tó ń lọ, wo ìwé iye owó. Ìwé iye owó yẹn kò to orílẹ̀-èdè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ńṣe ló dì wọ́n ní òṣùṣù-òṣùṣù: Áfíríkà ní iye tirẹ̀, Yúróòpù ní tirẹ̀, Amẹ́ríkà ní tirẹ̀, Éṣíà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ti lo ọdún kan nídìí ẹ̀ kì í wo ìwé mọ́. London, Yúróòpù. Houston, Amẹ́ríkà. Dubai, Éṣíà. Akra, Áfíríkà. Ó ti dà bí tábìlì ìṣirò tí wọ́n fi pàṣán kọ́ wa ní pírámárì.

Ọjọ́ tí màmá gbé léèsì wá

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni màmá kan wọlé, ó gbé Ghana-must-go kékeré kan dání. Léèsì aláwọ̀ ewé méjì, gèlè, ìpèlé, àti bùbá ọmọ ọwọ́ kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bímọ níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ìkómọ ti kọjá, ogójì ọjọ́ ni wọ́n ń múra fún.

Mo bi í pé, "Níbo ló ń lọ, mà?"

"Reníọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é, ọkọ mi. Wò ó, ó kọ ọ́ síbí." Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Saint-Denis, La Réunion.

N kò fi ẹrù ránṣẹ́ síbẹ̀ rí. Mo ṣí máàpù lórí fóònù tèmi. Ìkán kékeré kan ni mo rí láàárín òkun, Madagascar wà lápá òsì rẹ̀, Mauritius sì wà lẹ́bàá rẹ̀ lápá ọ̀tún. Kí ni mo tún fẹ́ rò? Mo ní, "Áfíríkà ni, mà."

Ojú màmá náà tàn. "Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá wọn! Ó ní ọmọ òun ti lọ sílùú òyìnbó. Mo ní ìlú òyìnbó wo, ṣebí Áfíríkà náà ni!" Ó san owó Áfíríkà, mo já risíìtì fún un, ó gbàdúrà fún mi pé n kò ní ṣìṣe níwájú ọ̀gá. Àdúrà náà kò tíì dé òkè tí mo fi ṣìṣe.

Ní ọjọ́ kẹta, ìwé dé láti orílé-iṣẹ́ wa. Ẹrù náà kò tíì kúrò ní ilé ìkẹ́rù. Réunion, Faransé ni. Faransé, Yúróòpù ni. Kí kọ́sítọ́mà san 41,500 náírà sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó wá gbé ẹrù rẹ̀.

Èmi náà ni mo máa pè é. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ má bínú, mà," mo ṣàlàyé, mo tún àlàyé ṣe. Ẹnu rẹ̀ dákẹ́ lórí fóònù títí tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí, kò pariwo, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n lóòótọ́: "Ọkọ mi, ṣé erékùṣù yẹn ti ṣí kúrò níbi tó wà ní Ọjọ́bọ̀ ni?"

Ìbéèrè yẹn ni mo ń gbé kiri.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ka ayé

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ̀ àjọ UN ni mo kọ́kọ́ lọ, mo ní bí ẹnikẹ́ni bá máa mọ ibi tí ilẹ̀ wà, àwọn ni. Àtòjọ kan wà tí wọ́n ń pè ní M49, tí ẹ̀ka tó ń rí sí ìṣirò níbẹ̀ ń lò. Nínú rẹ̀, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àkóso ẹlòmíràn náà sì ní tiwọn. Nàìjíríà ni 566. Réunion ni 638, abẹ́ Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n sì kọ ọ́ sí, àtòun àti Kenya àti Tanzania àti Madagascar. Inú mi dùn. Díẹ̀ ló kù kí n ya fọ́tò ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi.

Mo wá ka àlàyé tí wọ́n ṣe sí i. Wọ́n ní torí kí ìṣirò lè rọrùn làwọn ṣe pín in báyìí, kí ẹnikẹ́ni má fi ibi táwọn kọ ilẹ̀ kan sí mọ ẹni tó ni ín tàbí ẹgbẹ́ tó wà. Èmi tí mo rò pé mo ti rí adájọ́, akọ̀wé ìṣirò ni mo bá pàdé.

Síbẹ̀, mo jókòó ti àtòjọ yẹn títí oorun fi lọ lójú mi. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ UN jẹ́ 54, ṣùgbọ́n orúkọ tí mo kà lábẹ́ Áfíríkà jẹ́ 60. Mẹ́fà tó lé ni Western Sahara, Réunion, Mayotte, Saint Helena, àwọn erékùṣù Chagos tí Gẹ̀ẹ́sì àti Mauritius ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ tipẹ́, àti àwọn erékùṣù Faransé kan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí òtútù ti pọ̀, tí kò sí ẹni tó fi ibẹ̀ ṣe ilé. Bí ẹ bá tún bọ́ sọ́dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, 55 ni wọ́n máa sọ fún yín, torí pé wọ́n ka ìjọba Sahrawi tó ní òun ni Western Sahara mọ́ ọn. Ìyẹn ló mú Mọ̀rókò bínú kúrò nínú àjọ náà ní 1984, tí kò sì padà títí di 2017. Nítorí náà, tíṣà tó bá fàlà sí ìdáhùn ọmọ yín torí ó kọ 55, ẹ bi í léèrè àtòjọ tó ń lò.

Saint Helena ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Abẹ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, níbi tí a wà, ni M49 fi í sí, nígbà tó sì jẹ́ A, B, D ni wọ́n fi to orúkọ, lẹ́yìn Nàìjíríà gan-an ló tẹ̀ lé, kó tó kan Sẹ̀nẹ̀gà. Aládùúgbò wa! Àárín Òkun Àtìláńtíìkì ló wà, ó fi bíi kìlómítà 1,900 jìnnà sí etí ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn èèyàn ibẹ̀ kò pé 5,000, Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n kó Napoleon lọ, tó sì kú sí ní 1821. Títí di 2017, ọkọ̀ ojú omi láti Cape Town ni wọ́n fi ń dé ibẹ̀. Ìgbà náà ni ọkọ̀ òfurufú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lọ láti Johannesburg. Kò sí ọ̀nà kankan láti ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ wá wò ó o. UN yìí kan náà ní àtòjọ mìíràn, ti àwọn ilẹ̀ 17 tí wọ́n ní wọn ò tíì máa ṣàkóso ara wọn. Nínú ìyẹn, abẹ́ Áfíríkà, Western Sahara nìkan ló wà. Wọ́n gbé Saint Helena lọ sáàárín Bermuda, Montserrat àti àwọn ará Kàríbíà. Ilé kan náà, kọ́bọ́ọ̀dù méjì.

Ohun tó wá là mí lójú ni ọ̀rọ̀ àwọn erékùṣù Canary, tí wọ́n jẹ́ ti Sípéènì. Èyí tó sún mọ́ Mọ̀rókò jù nínú wọn kò ju nǹkan bíi 100 kìlómítà lọ sí etíkun rẹ̀. Ceuta àti Melilla, táwọn náà jẹ́ ti Sípéènì, orí ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n jókòó sí, ẹsẹ̀ lásán lèèyàn lè fi rìn wọ Mọ̀rókò láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ọ̀kankan nínú wọn lábẹ́ Áfíríkà nínú M49. Kí ló dé tí Réunion fi wà níbẹ̀, tí àwọn yìí kò sì sí? Réunion ní nọ́ńbà tirẹ̀. Canary kò ní, Ceuta kò ní, Madeira ti Pọtogí náà kò ní. Ẹni tó ní nọ́ńbà ni wọ́n ń wá àyè fún lórí máàpù. Ẹni tí kò ní, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló pọ̀n sí.

Kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ

Láti Saint-Denis dé Paris ju kìlómítà 9,000 lọ. Síbẹ̀, láti 1946 ni Réunion ti di ẹ̀ka ìjọba Faransé, gẹ́gẹ́ bí Martinique àti Guadeloupe ní Kàríbíà, àti Guyane ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Kí n má purọ́, wọn ò fi ipá sọ wọ́n di bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn. Àwọn aṣòfin tó ń ṣojú àwọn ilẹ̀ náà ló béèrè fún un. Aimé Césaire, akéwì ọmọ Martinique, ló ṣagbátẹrù àbá òfin náà ní ilé ìgbìmọ̀ ní Paris. Ohun tí wọ́n ń wá yéni: bí ẹ bá ní ọmọ Faransé la jẹ́, ẹ fún wa ní ẹ̀tọ́ ọmọ Faransé.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú owó. Ẹ wo ẹ̀yìn owó euro oníwèé. Máàpù Yúróòpù ló wà níbẹ̀, àmọ́ lábẹ́ rẹ̀, àwọn àpótí tín-ín-rín kan wà tí wọ́n ya ìkán-ìkán sí. Réunion wà nínú wọn. Mo bẹ ẹnìkan tó ń pààrọ̀ owó nítòsí wa kó yá mi wò. Ó rò pé ayédèrú ni mo ń wá. Nígbà tí euro oníwèé jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2002, Réunion ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í rajà, torí ilẹ̀ wọn ń mọ́ ṣáájú ti Paris. Kílò èso lychee kan ni baálẹ̀ ìlú Saint-Denis rà lọ́jà. Owó Yúróòpù, èso orí igi Òkun Índíà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà pé Yúróòpù ni. Kí ló wá dé tí Réunion kò sí nínú Schengen, àdéhùn tó jẹ́ kí èèyàn fi físà kan ṣoṣo wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù? Físà tó gbé èèyàn dé Paris kò fi dandan gbé e dé Saint-Denis. Owó orí ọjà tí ará Paris ń san lórí ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Réunion jẹ́ 8.5. Owó ibodè kan tún wà tí wọ́n ń pè ní octroi de mer, orí ọjà tó bá gba òkun wọlé ni wọ́n ń gbà á, kódà bó jẹ́ Faransé fúnra rẹ̀ ni ọjà náà ti wá. Ará Lyon kò mọ owó náà.

Àjàò ni erékùṣù yìí, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ màmá wa nìyẹn. Nígbà tí ẹrù rẹ̀ máa kúrò l'Ékòó, wọ́n ní Yúróòpù ni, kó san owó Yúróòpù. Nígbà tó máa débẹ̀, wọ́n ní erékùṣù òkèèrè ni, kí ọmọ rẹ̀ san owó ibodè tí Yúróòpù kì í san. Wọ́n ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Àwọn wọ̀nyí pè é lórí lọ́dọ̀ wa, wọ́n fi í tẹlẹ̀ létí omi.

Ọ̀gá mi ní mo ti ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ó ní kí n wo ọkọ̀ òfurufú: Paris ni ẹrù náà máa gbà kọjá, owó ọ̀nà Paris náà ló máa ná wọn. Òótọ́ ni. Mo gbà fún un. Ẹni tó ṣe ìwé iye owó wa kò rò ó láti fi erékùṣù kankan ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀nà tí ọkọ̀ òfurufú ń gbà ló ń tò, ó kàn fi orúkọ kọ́ńtínẹ́ǹtì pè é ni. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ní ẹjọ́ tèmi. Bó bá kọ "ọ̀nà Paris" síbẹ̀, màmá ò ní bá mi jà, èmi náà ò ní ṣìṣe. Yúróòpù tó kọ ló kó wa sí wàhálà, torí èèyàn gbọ́ Yúróòpù, ó rò pé ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Àwọn tó ń kó ẹrù wọn fúnra wọn

Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti mọ èyí tipẹ́, wọn ò kàn fún un lórúkọ ni. Kazakhstan ń bá àwọn ará Éṣíà gbá bọ́ọ̀lù títí di 2002, ó bá kọjá sí Yúróòpù. Éṣíà lé Israel jáde ní 1974, Yúróòpù gbà á wọlé pátápátá ní 1994. Guyana àti Suriname wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn ará Kàríbíà ni wọ́n ń bá gbá a. Ọsirélíà, tó jẹ́ pé òun gan-an ni kọ́ńtínẹ́ǹtì, kó lọ sí Éṣíà ní 2006, torí ó rẹ̀ ẹ́ kó máa borí gbogbo ará Òṣéníà tán kó tún lọ já ìyókù mọ́ ará Gúúsù Amẹ́ríkà lọ́wọ́ kó tó dé World Cup. Kò sẹ́ni tó ní erékùṣù kankan ṣí. Ẹni tó lágbára yan ibi tó wù ú.

Réunion náà ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, o. Lórí pápá, Áfíríkà ni.

Bí àwa náà ṣe ń tò ó

Kí n tó máa dá òyìnbó lẹ́bi, mo rántí ilé. Àwa náà ní àtòjọ tiwa, kò sì sí máàpù kankan nínú rẹ̀. Ìlú Ọba ni Gẹ̀ẹ́sì, torí ọba ibẹ̀ ló jẹ lé wa lórí. Ọ̀rọ̀ kan tí à ń pè ní òkè òkun gba Canada àti Málíṣíà mọ́ra láìjà. Nígbà táwọn ẹrú tó gba òmìnira ní Bràsíl àti Kúbà padà sí Èkó, Àgùdà ni a pè wọ́n, a fún wọn ní Pópó Àgùdà. Àwọn tó gba Freetown bọ̀, Sàró. Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú àwọn méjèèjì, ọ̀nà tí ọkọ̀ wọn gbà la fi to wọ́n. Èmi náà kò yàtọ̀ sí akọ̀wé iye owó wa.

Ìdílé ìyá mi, ará Ìmẹ̀kọ ni wọ́n. Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin báyìí ni orírun wọn, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Faransé nígbà tí wọ́n àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà ní 1889. Títí dòní, bí màmá àgbà bá fẹ́ fi aṣọ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kétu, ọlọ́kadà kan ló máa gbé e lọ, kò sí fọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ kan mo fi Kétu sínú kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ láti wò ó. Ó ní orílẹ̀-èdè mìíràn ni, kí n kọ iye tí aṣọ náà tó àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Mo rántí ọlọ́kadà yẹn, mo rẹ́rìn-ín.

Báàgì kejì

Èmi ni mo san 20,000 nínú owó yẹn, torí ẹnu mi ló sọ Áfíríkà. Màmá san ìyókù, ó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kó tó san án. Ẹrù dé Saint-Denis nígbà tí ogójì ọjọ́ ku ọjọ́ méjì. Ọmọ rẹ̀ san owó òkun, ó fi fọ́tò ránṣẹ́: léèsì aláwọ̀ ewé, ọmọ nínú bùbá tó ti fẹ́ fún un, òkè gíga kan lẹ́yìn wọn tí ìkùukùu bò lórí.

Mo lẹ pépà kan mọ́ ògiri lẹ́yìn mi níbi iṣẹ́. Réunion, Mayotte, Las Palmas ní Canary, Guyane, Saint Helena. Kípúrọ́sì náà wà níbẹ̀, UN ní Éṣíà ni, ẹgbẹ́ Yúróòpù gbà á wọlé ní 2004. Mo kọ iye tí ìwé wa ń gbà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, n kò kọ kọ́ńtínẹ́ǹtì kankan.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá, màmá tún dé. Báàgì náà ni, ó ti rán ìdí rẹ̀ tó já. Gàrí ni lọ́tẹ̀ yìí, àti èlùbọ́. Ó wo pépà ara ògiri, ó wò ó títí bí ẹni tó ń wá orúkọ ọmọ rẹ̀ nínú èsì ìdánwò.

"Ṣé ó ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀, mà."

"Ó dáa. Gbé e sórí ìwọ̀n."